Àmì Pupa Bàbá Káfíńtà

Ọjọ́ kẹta tí a sin Bàbá mi àgbà ni Àǹtí Sìdíkà, àkọ́bí wọn, pè mí sí yàrá, wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá sínú ìwé pélébé tí a máa pín lọ́jọ́ àdúrà ogójì. Wọ́n ka ohun tí mo máa kọ fún mi lórí ìka: ọdún tí wọ́n bí Bàbá ní Ìsẹ́yìn, ilé kéú tí wọ́n lọ, ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ káfíńtà, ìgbà tí wọ́n wọ Èkó, iye ọmọ àti ọmọ ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ. Mo gbà. Mo jókòó, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé n kò mọ ọkùnrin tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yẹn rí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì fi ọ̀dà pupa kun bàtà ọmọ ọmọ rẹ̀ rí. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí mo kọ dípò rẹ̀ rèé. Bó bá gùn jù fún ìwé pélébé, kí Àǹtí má bínú. Orí kọ̀ǹpútà Bàbá ni mo ti ń kọ ọ́, ẹni tó bá sì mọ kọ̀ǹpútà náà á mọ̀ pé kì í jẹ́ kí èèyàn kánjú.

Kí n sọ òótọ́, èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà yìí. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ra láptọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ kan fún mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá ní Ìkòsí ni mò ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn wà níwájú rẹ̀. Òfin ilé yẹn kò lọ́jú pọ̀: ohunkóhun tó bá ti ní síkúrúù lára, Bàbá ló ni ín. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn aládùúgbò fi ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé Bàbá á jẹ́ kí n fi kọ̀ǹpútà wọn tẹ nǹkan fún àwọn.

Fídíò àwọn káfíńtà òkè òkun ni Bàbá ń fi í wò. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé e ka orí bẹ́ǹṣì, wọ́n á wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn inú fídíò jà. Wọn kò gbọ́ èdè tí àwọn èèyàn náà ń sọ, wọn kò sì nílò rẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́. "Ẹ wo bó ṣe di ayùn mú! Ta ni ọ̀gá ẹ? Ìwọ ọmọ yìí, o máa gé ìka ara ẹ!" Ọmọ tí wọ́n ń wí yẹn ti hu irùngbọ̀n funfun. Yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, yóò kan àga kan tó dán gbinrin, yóò sì jókòó sórí rẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín sí wa. Bàbá á wo àga náà títí, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Igi yẹn dáa. Ká ṣáà dúpẹ́ pé igi yẹn dáa."

Ohun tó kọ́kọ́ bà jẹ́ lára kọ̀ǹpútà náà ni hínjì tó so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí. Mo ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu. Bàbá wò mí bí ẹni tí mo bú. Ìdajì ilẹ̀kùn àdúgbò wa ni àwọn dè mọ́ férémù, ta ni ó wá máa kọ́ àwọn ní hínjì? Wọ́n wá hínjì kọ́bọ́ọ̀dù kékeré méjì, wọ́n fi ìrókò pẹlẹbẹ kan lé ẹ̀yìn skíríìnì, wọ́n sì dè é pinpin. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà mi ti ń dún kẹ̀ẹ̀ẹ̀ tí mo bá ṣí i ní kíláàsì. Olùkọ́ wa yíjú padà lọ́jọ́ kan, ó ní ta ló ń wọlé. Mo délé, mo fi ẹkún sọ fún Bàbá pé kọ́bọ́ọ̀dù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pe kọ̀ǹpútà mi. Bàbá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí hínjì náà, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. "Ó ń ṣí. Ó ń pa dé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kó máa ṣe fún wọn?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́tìnnì kan já bọ́ lára kíbọ́ọ̀dù, bọ́tìnnì A, èyí tí èèyàn ò lè kọ ìlà kan láìtẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi gbẹ́ òmíràn. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun kan bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, ó ń dúró. Bàbá ń fi sáńpépà ha igi tí kò tó èékánná. Wọ́n fi fáníìṣì kùn ún, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó ga ju àwọn bọ́tìnnì yòókù lọ díẹ̀, nítorí náà ìka mi máa ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ títí dòní. Àmọ́ gbogbo bọ́tìnnì yòókù ni lẹ́tà ojú wọn ti pa rẹ́, ti Bàbá nìkan ló ṣì ń dán.

Nígbà tí bátìrì náà kú, tó jẹ́ pé bí iná bá ti lọ báyìí, kọ̀ǹpútà náà ti lọ nìyẹn, Àǹtí Sìdíkà ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní àwọn máa ra tuntun fún Bàbá, kí wọ́n sin èyí. Bàbá ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu. "Sìdíkà, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà?"

Ó wá ku ìjàgboro Bàbá pẹ̀lú àwọn tó ń tún nǹkan ṣe. Bàbá kì í fi nǹkan wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ atúnnǹkanṣe kankan, ìbáà ṣe fáànù, ìbáà ṣe rédíò. Àpótí ìjókòó kan wà tí wọ́n kàn fún iṣẹ́ yìí nìkan. Wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún nǹkan wọn ṣe, wọ́n á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi parí. Bí síkúrúù bá jẹ́ mọ́kànlá nígbà tó ń tú u, kò gbọdọ̀ di mẹ́wàá nígbà tó ń dè é. Ẹlẹ́rọ fáànù kan ní Kétu ni ó sọ wọ́n ní Bàbá Kámẹ́rà, orúkọ náà sì tàn ká. Nígbà tí wọ́n gbọ́, inú wọn dùn.

Ọ̀dọ̀ Dàpọ̀ ni a máa ń gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ohun tí hínjì kọ́bọ́ọ̀dù kò lè wò sàn. Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìnkú, Dàpọ̀ ni ọkùnrin tí ẹ rí tó ń bá wọn gbé pákó sàréè, tó ń sunkún ju àwa ọmọ lọ, tí ẹ ń béèrè pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn. Kì í ṣe mọ̀lẹ́bí wa, kì í tilẹ̀ ṣe mùsùlùmí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Kétu, ó sì fi ọdún mẹ́rin péré jù mí lọ, ìdí nìyí tó fi kìlọ̀ fún mi pé kí n yé pe òun ní ẹ̀yin. Àpótí Bàbá kò bí i nínú rí. Ó kàn bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, àbí ẹ ò trust mi ni?"

Bàbá ní, "Mo trust ẹ. Ojú mi nìkan ni ò tíì trust ẹ."

Kí ẹ má rò pé Bàbá kàn burú bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, ìta ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Mile 12 ni àwọn àti àwọn káfíńtà mìíràn ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ayùn tí ọ̀gá wọn fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba òmìnira, ẹnì kan mú un, ó ní òun ló ni ín. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní kí Bàbá sọ àmì tó wà lára rẹ̀. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Wọ́n gbé ayùn náà fún ẹnì kejì lójú Bàbá, wọ́n sì ní kí wọ́n má jà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ra ọ̀dà pupa.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó wọ ilé wa tí kò jẹ ọ̀dà. Bùtá àlùwàlá ní tirẹ̀, korobá ní tirẹ̀, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ní tirẹ̀. Sálúbàtà tí mo rà fún ọdún iléyá, kí n tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ní àmì pupa méjì ní gìgísẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ igi ni Bàbá ti ń fi ọgbọ́n ṣe é jù. Wọn kì í kun ìta. Ibi tí ẹnu igi kan ti ń wọ inú igi kejì ni wọ́n máa ń kùn, kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù dè é. "Àmì tó bá wà níta, olè á fi sáńpépà pa á rẹ́. Àmì tó bá wà lẹ́nu igi, àfi kó fọ́ àga kó tó rí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí pé òun ló kó wa sí wàhálà.

Ọdún tí mo máa ṣe àṣekágbá ni kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n á padà wá, kò tíì jí. Dàpọ̀ ní kò bà jẹ́, pé mẹ́mórì ni kò tó o, ká fi ńlá sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́mórì yìí, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju ìka lọ, ó ní eyín wúrà wínníwínní létí kan. Eyín yẹn ni wọ́n fi ń tì í bọ inú ihò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iná ń gbà wọ inú rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n wo bí Dàpọ̀ ṣe tì í bọlé tó sì dún kọ́, inú wọn dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu igi kúkú ni!"

Nígbà tí a délé, kọ̀ǹpútà náà jí kí Bàbá tó pe bisimilá tán. Mi ò rí i rí kí wọ́n yin èèyàn bí wọ́n ṣe yin Dàpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà náà kú. Mo dé láti ilé ìwé, mo bá Bàbá níwájú rẹ̀ tí wọ́n fajú ro. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á hó fíì, fíì, fíì, lẹ́ẹ̀mẹta, skíríìnì á sì dúdú kirikiri. Gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú rẹ̀. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju pé ayédèrú ni Dàpọ̀ fi sí i, ayédèrú tó lo ọjọ́ kan péré. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ta ni kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ l'Ékòó?

Ní Sátidé, a gbé e lọ sí Kétu. Ìta ṣọ́ọ̀bù Dàpọ̀ kún. Bàbá dúró sáàárín èrò, wọ́n gbá kọ̀ǹpútà náà mọ́yà, wọ́n sì gbóhùn sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ojú ọmọkùnrin yìí dáadáa! Ayédèrú ló fi sínú nǹkan mi!"

Dàpọ̀ sáré jáde. "Bàbá! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n kàn open ẹ̀ wò. Two minutes."

"Kí o lè yọ èyí tó kù?"

"Bàbá, ojú yín náà ni mo ṣe fi sí i. Ẹ jókòó tì mí."

"Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí! Mo jókòó tì ẹ́, o sì tún jà mí lólè níṣojú mi!"

Ìyá kan tó fẹ́ tún fóònù ṣe na ọwọ́ láàárín wọn, ó mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó sì lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn Bàbá. Ojú Dàpọ̀ bá tèmi pàdé, mo wo ilẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá sì fọ́ ẹyin yẹn káàkiri. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sọ ọ́ ní ìsọ̀ àwọn onípákó, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ìyá aláta Mile 12 tí wọ́n ń kan tábìlì fún. Ká ní ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ ni, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi í rín. Àmọ́ Bàbá Káfíńtà tí ilẹ̀kùn wọn kì í wọ́, tí wọn kì í pe igi tútù ní igi gbígbẹ, bí wọ́n bá ní nǹkan kan jẹ́ ayédèrú, ta ló fẹ́ jiyàn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọjọ́ tí mo máa gbé iṣẹ́ àṣekágbá mi sílẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fi ìró di kọ̀ǹpútà náà, mo sì yọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Mo bá Dàpọ̀ tó ń ká wáyà sínú páálí. Tábìlì rẹ̀ ti ṣófo. Ó ní òun ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìṣẹrì Olówóra, pé òun máa kó lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá yín níbẹ̀."

Ó lè lé mi jáde, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mi, ó tú ìdí rẹ̀, ó sì yọ mẹ́mórì náà. Lẹ́yìn náà ló yí i sí mi. Ọ̀dà pupa ló bo àwọn eyín wúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí eyín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. A kò ní láti béèrè ẹni tó kùn ún. Bàbá ti rántí láàárọ̀ ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà kú pé ohun tuntun wọlé, kò sì tíì ní àmì. Wọ́n tú u, wọ́n fi àmì sí ibi tí wọ́n máa ń fi í sí, lẹ́nu igi, níbi tí olè kò ti ní rí i. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí pé lójú wọn, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ta ló ń kéde pé òun fọ ojú òun láàárọ̀?

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà dá, ó sì fi ọwọ́ nu ojú. Ó fi spírítì àti írésà ha àwọn eyín náà títí wọ́n fi mọ́, ó dá mẹ́mórì náà padà, kọ̀ǹpútà náà sì jí.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá o. Àgbà ni wọ́n. Ó máa dùn wọ́n jù."

Mo ní, "Orúkọ tìẹ ńkọ́?"

"Orúkọ mi? Mo máa lọ ṣe òmíràn ní Ìṣẹrì."

Mo gbé e délé, inú Bàbá dùn débi pé wọ́n pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. "Ta ló ṣe é?" Mo ní ẹnì kan ni. "Ẹnì kan yẹn mọṣẹ́! Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ̀. Kò ní rógun adárúgúdù. Kì í ṣe bíi ti olè Kétu yẹn." Mo ń ṣe àmín.

Mo rò pé mo lè pa á mọ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá Bàbá tí wọ́n ti dojú kọ̀ǹpútà náà délẹ̀, síkúrúù mẹ́rin ti wà lórí bẹ́ǹṣì, agolo ọ̀dà wà ní ṣíṣí, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni ire yẹn tún un ṣe, wọ́n ní, àmọ́ a kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fi àmì sí i.

Mo kígbe, "Bàbá, ẹ má ṣe é!"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró. Ọ̀dà ń kán sílẹ̀ láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà sórí ṣòkòtò wọn, wọn kò mọ̀. Wọ́n ní, "Dàpọ̀ ló tún un ṣe?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó sì ní kí o má sọ fún mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, wọ́n wọlé, wọn kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi tí mo ti ń bá wọn jiyàn láti kékeré, mi ò rí i kí wọ́n ṣíwọ́ iyàn rí kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù sì bà mí.

Àǹtí Sìdíkà gbọ́, wọ́n ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ náà wálé, wọ́n ní, kí Bàbá bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n fún un ní nǹkan, kó tán síbẹ̀. Àgbà kì í bẹ ọmọdé níta gbangba. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní, "Ibi tí igi bá ti ya ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sí. Wọn kì í fi í síbòmíràn."

Ní Sátidé, kí Dàpọ̀ tó kó lọ, Bàbá wọ agbádá tí wọ́n fi ń kírun ọdún. Èmi ni mo gbé àpótí, àwọn ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà. Èrò wà níta àwọn ṣọ́ọ̀bù náà bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ iwájú ti Dàpọ̀ dá páropáro. Bàbá dúró sí ojú ibi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ kìíní.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ o. Ọmọkùnrin yìí kò ta ayédèrú fún mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan mi jẹ́, tí mo wá pè é lólè. Ẹni tí mo bá ti sọ ọ́ fún, kó padà lọ bá ẹni tí òun náà sọ ọ́ fún. Dàpọ̀, mo ṣẹ̀ ẹ́. Má bínú."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Dàpọ̀ ké, ó sáré jáde, òun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, kí tirẹ̀ lè ṣáájú. Orúnkún Bàbá ti wà nílẹ̀, kò sì gbà wọ́n láyè láti padà sókè. Èèyàn mẹ́ta ló gbé wọn dìde, agbádá náà kún fún erùpẹ̀, Bàbá sì ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbà.

Mo rò pé ó parí. Mo gbé àpótí, mo ní ká máa lọ. Bàbá gba àpótí náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Dàpọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí di ìrun ọ̀sán. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, wọ́n á dá a dúró. "Ìwọ, wá. Ṣé o gbọ́ pé Dàpọ̀ ń ta ayédèrú?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ó dáa. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á."

Dàpọ̀ ti tú páálí rẹ̀, ó ti ní kí onílé Ìṣẹrì fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èèyàn ti ń padà wá, àwọn kan ń gbé ohun tí kò bà jẹ́ wá kí wọ́n lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Bàbá. Ó bẹ Bàbá, ó fi èmi bẹ wọ́n. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti tó. Àwọn tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń gbọ́ báyìí." Bàbá ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní Dàpọ̀ ti gba máìgádì. Nísinsìnyí tí wọn kò sí mọ́, ìjókòó wọn lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni mò ń rí ju ohunkóhun lọ, ó sì ń dùn mí pé mi ò dákẹ́ ẹnu mi kí n jókòó tì wọ́n, ká jọ wo àwọn tó ń kọjá.

Ní Sátidé kẹfà, a ń rìn bọ̀ sí Ìkòsí, oòrùn mú. Mo ní, "Bàbá, ojú ò tiẹ̀ tì yín ni?" Àwàdà ni mo fi ṣe. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ó ń tì mí, Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó síbẹ̀ ló ń tì mí."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò fi sílé jókòó? Ó ṣáà ti dárí jì yín láti ọjọ́ kìíní."

Bàbá dúró, wọ́n ń mí, ọwọ́ wọn wà ní èjìká mi.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi dójú ti ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo kà á lọ́kàn mi. Mo ní, "Mẹ́fà."

Wọ́n ní, "Ó pé lónìí."